Lẹ́tà Ṣíṣí sí Rẹ́jísítà Ilé-Ìwé Ìjọba

Ẹ̀yin Rẹ́jísítà ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú ìjókòó inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kú eruku ṣọ́ọ̀kì, ẹ kú ìfaradà ikán. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn yín tó já lọ́dún tó kọjá ti rí gọ́ọ̀mù? Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tèmi, ara mi le koko bí ọta, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ìdí pàtàkì tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín ni pé mo ní ẹjọ́ yín í rò. Mo ti gbé e mọ́ra tipẹ́, ó ti ń di kókó sí mi lọ́fun, mo sì ti pinnu pé gbangba ni n óò ti rò ó. Ẹ̀yin ará tí ẹ ń yọjú lórí èjìká mi kà á, ẹ kúkú sún mọ́ ọn. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú yín wà nínú ìwé ìpè-orúkọ tí mò ń bá wí yìí, bí ikán kò bá tíì jẹ ojú ewé náà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀wọ̀. Ẹ jù mí lọ, "ẹ" ni n óò sì máa pè yín. Bí inú bá wá ru mí lójú ọ̀nà, tí ẹnu mi yọ̀, tí mo pè yín ní "ìwọ", ẹ forí jì mí. Tíṣà tó kọ́ mi ní ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ti sinmi nínú Olúwa, kò sì sí ẹni tí yóò nà mí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí ara wa. Oṣù Kẹsàn-án 1976 ni, n'Íbàdàn. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìyá mi sì fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú hẹ́dímáàsítà. Ìwé ọjọ́ ìbí kò sí. Hẹ́dímáàsítà ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí n fi kan etí òsì, nítorí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dé ibẹ̀ ti pé ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ọwọ́ mi kò dé. Ìyá mi rọra tẹ orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gbọn ìdọ̀tí kúrò nínú irun mi, ìka kan etí, hẹ́dímáàsítà ní, "Ó yá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Kí lẹ kọ? Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1970. Bẹ́ẹ̀, ìyá mi ní ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun ni òun bí mi, lọ́dún 1971. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí mo padà wá wò yín, nítorí pé ibi iṣẹ́ ní kí n mú ẹ̀rí ọjọ́ orí wá, mo rí i pé àwa mẹ́rìnlá ni wọ́n bí lọ́jọ́ ọdún tuntun kan náà, nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Àbí oríṣi ìbejì wo nìyẹn? Ọjọ́ orí tí ẹ fún mi yìí náà ni mò ń lò títí dòní, òun ni wọn yóò sì fi fẹ̀yìn mi tì. Owó oṣù ogún oṣù lẹ jẹ mí ní gbèsè, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mò ń kà á.

Mo ti dárí ìyẹn jì yín. Irọ́ yẹn ló gbà mí wọlé.

Èyí tí n kò lè dárí rẹ̀ jì ni pé mo mọ ìdílé tí ẹ ti wá. Nígbà tí Olóyè Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1952, owó ni ìbéèrè tó kọ́kọ́ yọjú. Ìjọba dá owó orí tuntun lé aráàlú lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì kan. Ìlú gbóná. Èèyàn ń béèrè pé ọ̀fẹ́ wo ló tún ń gba ṣílè mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, Alákùkọ, ìyẹn ẹgbẹ́ NCNC, na Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, mọ́ inú ilé ara rẹ̀. Awólọ́wọ̀, olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, kò tìtorí ìyẹn ká ẹní. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Ọdún tó ṣáájú, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún yẹn, àwọn bàbá yín ka 811,432.

Ẹ bá mi wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ẹ wo méjì tó wà ní ìdí rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan jókòó síbì kan, ó fi báírò kan ahọ́n, ó sì ka ọmọ tó kẹ́yìn àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Wàhálà kò sí níbẹ̀ bí? Ó wà. Tíṣà kò tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà kò kọ́ iṣẹ́ tíṣà, àwọn àgbà sì ń kùn pé ìmọ̀ ti fẹ́lẹ́. Àmọ́ ọmọ wà níbẹ̀, owó náà sì tẹ̀ lé ọmọ: àwọn ọdún kan wà lẹ́yìn náà tó jẹ́ pé nínú pọ́n-ùn mẹ́wàá tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń ná lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀, ó ju mẹ́rin lọ tó ń lọ sí ẹ̀kọ́. Nígbà tó di ayé Gómìnà Jákàńdè l'Ékòó lẹ́yìn 1979, ọmọ pọ̀ débi pé àwọn kan ń lọ láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án. Ó sáré kọ́ kíláàsì tí àwọn ẹlẹ́nu pè ní ilé adìẹ, ó sì fòpin sí ilé-ìwé ọ̀sán. Ilé adìẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adìẹ kún inú rẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Mo yà sí ilé-ìwé ìjọba kan lọ́dún tó kọjá. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé hẹ́dímáàsítà fún mi ní àga jókòó, a kì í sì í gba àga lọ́wọ́ èèyàn ká tún fi gbá a lórí. Lára ògiri ọ́fíìsì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: akẹ́kọ̀ọ́ 320. Òdo ló parí rẹ̀, àyà mi já. Mo yípo kíláàsì, mo ka orí, n kò rí igba. Mo padà wá béèrè pé mélòó gan-an làwọn ọmọ yìí. Hẹ́dímáàsítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ń béèrè?" Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àṣé ìbéèrè gidi ni. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń pín ìwé àti bẹ́ǹṣì ló ń béèrè, 320 ni wọ́n. Bó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì tó ń gba owó ìdíje eré ìdárayá lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè, wọn ò ju 140 lọ, inú sì ń run púpọ̀ nínú wọn. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ kó tíṣà kan kúrò níbẹ̀ nítorí pé ọmọ ò pọ̀, wọ́n ti di 400 kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ gbé nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì lọ́dún kan ṣoṣo, inú ò sì run ẹ̀yin.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti àmì yín. Láyé tiwa, báírò búlúù láàárọ̀, báírò pupa lọ́sàn-án, ìlà kan wọ́ sí ọ̀tún, ìkejì wọ́ sí òsì, ọmọ tó bá wá nígbà méjèèjì á ní àgbélébùú kékeré tirẹ̀. Ẹni tí kò bá wá, òdo ni. Tíṣà wa kì í fi ti òdo ṣeré. Bí òdo bá di mẹ́ta lórí orúkọ ọmọ, ó ń bọ̀ nílé yín lórí kẹ̀kẹ́, ìyá rẹ ló sì máa kọ́kọ́ nà ọ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ní báyìí, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ṣí yín, tí wọ́n á wá máàkì láti ọjọ́ Ajé wá sí ọjọ́ Ẹtì ní ìjókòó kan, pẹ̀lú báírò kan, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun débi pé ewúrẹ́ nìkan ló sá wọ kíláàsì. Nínú yín, gbogbo ọmọ ló wá. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti kó gbogbo ilé lọ sí Kútọnu láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ṣì ń wá sílé-ìwé lójoojúmọ́ nínú yín, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kì í pẹ́, kì í ṣàìsàn. Mi ò tíì rí ọmọ tó já fáfá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwọ Rẹ́jísítà yìí, ṣé o ò lójútì ni?

Ẹ má bínú. Mo ti kìlọ̀ fún yín pé ẹnu mi lè yọ̀. Ẹ̀yin náà ni.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn. Ní oṣù Kẹrin 2012 ni ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn ọmọ kékeré nílé-ìwé ìjọba lójoojúmọ́, iye ọmọ sì gòkè lójú ẹsẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ wo ìyẹn kọ́ tirẹ̀ ní 2016, fún Kíláàsì Kìíní sí Ìkẹta, ₦70 fún àwo ọmọ kan. Ó pẹ́ kó tó di ₦100. Iṣẹ́ ìyanu búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì ni àwọn ìyá olóúnjẹ yẹn ń ṣe lójoojúmọ́ nígbà náà, kò sì sí ẹni tó kọ ìwé ìyìn rere kankan nípa wọn. N kò ní fi ọmọ tó tìtorí ìrẹsì wá sílé-ìwé ṣẹ̀sín o. Ebi ló mú èmi náà fẹ́ràn ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ní aago mẹ́wàá tí ìkòkò wọlé, orí pé. Ní aago méjìlá, kíláàsì dá páropáro, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ẹtì, àmì ọ̀sán á pé lára yín. Ní Ọ̀ṣun kan náà, nígbà tó di 2015, owó ìjọba gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nípò òkè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààbọ̀ owó oṣù fún ọdún bíi mélòó kan, tíṣà wà lára wọn. Ọmọ ń jẹun, tíṣà ń wò ó lẹ́nu. Ibo lẹ máàkì ìyẹn sí? Ẹ ò ní ojú ìlà fún tíṣà tó wá síṣẹ́ láìjẹun.

Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ lábẹ́ ẹnu pé owó kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ̀bi yín kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ yín ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀, nítorí náà ẹ ó gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1999, Ọbásanjọ́ tún dé, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú agbádá, ó lọ sí Sókótó, ó kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di òfin ní 2004: ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ yóò sì máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sí i. Ibi tó ti dùn nìyí. Ọbẹ̀ wà l'Ábùújá. Kí ìpínlẹ̀ tó lè rí i bù, ó gbọ́dọ̀ gbé èbà tirẹ̀ wá, kí èbà náà sì tó ọbẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ò gbé èbà kankan wá, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà sì jókòó sínú ìkòkò l'Ábùújá, ó ń dì. Àwọn gómìnà ń sọ pé àwọn ò ní gàrí. Mo wo ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn, mo ní kí n má sọ̀rọ̀.

Ti owó oṣù tún ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni owó tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde, ṣùgbọ́n àpò tí ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń lò ló ń gbà kọjá, ìpínlẹ̀ ló sì mú okùn ẹnu àpò náà. Ní oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìbílẹ̀ tààrà. Aráàlú ń jó. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, NUT, kò jó. Wọ́n béèrè pé ta ni yóò máa san owó oṣù àwọn báyìí, nítorí wọ́n rántí ayé tí wọ́n fi owó tíṣà sílẹ̀ fún alága ìbílẹ̀, tí oṣù ń gorí oṣù. Ẹ ò rí i? Ọmọ ìyá mẹ́ta jọ ni ilé kan, òrùlé ń jò, olúkúlùkù ní kì í ṣe yàrá òun.

Ẹni tó ń di ihò òrùlé náà ni òbí. Ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ìjọba. Ẹ kàn mú ìgbálẹ̀ kan wá, ẹ mú àdá wá ní sáà òjò, ẹ mú ọṣẹ, ẹ mú owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ mú owó lẹ́sìn, ẹ mú owó ìwé ìdánwò, bí ọmọ kò bá sì fẹ́ jókòó sílẹ̀, ẹ gbé àga wá láti ilé. Nígbà tí Gómìnà Mákindé dé ní 2019, ó fagi lé ₦3,000 tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ìjọba ń san ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn òbí sì gbé e gẹ̀gẹ̀. Mo bá wọn yọ̀. Mo kàn rántí pé ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n fagi lé owó rẹ̀.

Ẹ má tíì pa ara yín dé. Ó ku ti èsì ìdánwò.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní máàkì kì í ṣe iṣẹ́ yín, pé àbúrò yín, Ìwé Máàkì, ló ni ín. Kọ́bọ́ọ̀dù kan náà lẹ jọ ń sùn. Láyé wa, ẹni tó bá fìdí rẹmi, á tún kíláàsì náà kà. Bọ̀dá kan wà ní Kíláàsì Kẹta tó pẹ́ níbẹ̀ títí àbúrò rẹ̀ fi bá a, tí àwọn méjèèjì jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Irùngbọ̀n ti ń hù lẹ́nu rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ mú ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, gbogbo ọmọ ló ń gòkè, bí ẹrù tí wọn ò yẹ̀ wò ní bodè. Àjọ UNICEF ní mẹ́ta nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan, tàbí ṣe ìṣirò tí kò le. Ẹ bá mi wò ó: ọmọ ọdún 14 ti kọjá lọ́wọ́ yín pátápátá. Ọdún mẹ́fà lẹ fi máàkì rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àgbélébùú, kò sì lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ike omi.

Ìdílé yín ò sì mọ nọ́ńbà í dì mú, láti kékeré dé àgbà. Ní oṣù Kẹjọ 2025, WAEC, àjọ ìdánwò ilé-ìwé girama, kéde pé 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege iṣẹ́ márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò pẹ̀lú. Gbogbo ilé ké. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, WAEC ní ẹ má bínú, àṣìṣe wà nínú máàkì àwọn iṣẹ́ kan, 62.96 ni. Ọmọ tó lé ní irínwó ẹgbẹ̀rún fi ojú oorun yege. Ó kù díẹ̀ kí aládùúgbò mi kan tó ti na ọmọ rẹ̀ fún 38 bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọmọ náà fún 62.

Àmọ́ ohun kan wà tó ń dùn mí ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. A ti rí ọ̀nà àbáyọ rí. Ó wà nínú ọ̀kan lára yín, ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, láti 1970. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ lásán, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ, ẹ sì gbọ́ o, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn èèyàn òkè òkun ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Àwa ńkọ́? A gbé e sórí àjà. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ jí, ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí tíṣà tí wọ́n kọ́ fún un, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò tíì gbọ́ pé òfin jáde. Ní 2025 ìjọba náà ní òun ti pa á tì, ó sì di ẹ̀bi ọmọ tó ń fìdí rẹmi lé e lórí. Ẹni tí kò tíì wọ ọkọ̀ ni wọ́n ní ó da ọkọ̀ sí kòtò.

Àwọn ọmọ tí kò sí nínú kíláàsì, tí wọ́n ṣì wà nínú yín, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n wà? Mo mọ̀ ọ́n. L'Ékòó, nígbà tí wọ́n ka ilé-ìwé aládàáni ní 2010 sí 2011, 12,098 ni wọ́n bá. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ẹ kíyè sí mẹ́jọ tó wà ní ìdí nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn. Ẹnì kan rìn gba àdúgbò, ó kà wọ́n. Ní òpópónà tèmi nìkan, "International" mẹ́fà ló wà. Ọ̀kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá àga ìnáwó òkú. Àlejò òkè òkun kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni tíṣà Faransé tó wá láti Pọ̀tọ̀-Nófò. Ìyá aláta ń kó owó àjọ lọ san níbẹ̀. Tíṣà ìjọba fúnra rẹ̀ ń gbé ọmọ rẹ̀ sórí ọ̀kadà láàárọ̀, ó ń gba iwájú ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni kọjá, kí ó tó yí padà wá síṣẹ́. Káńsẹ́lọ̀ kò fi tirẹ̀ sí ilé-ìwé ìjọba, alága ìbílẹ̀ kò fi tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ ká sọ ti kọmíṣọ́nnà. Ìgbà wo lẹ kọ orúkọ ọmọ ẹni tó ń buwọ́ lu owó yín kẹ́yìn? Ẹ yẹ ara yín wò, mo ní sùúrù.

Òun ló mú kí nọ́ńbà yín rọrùn í yí. Kò sí ẹnikẹ́ni tó lágbára tí yóò wọlé wá béèrè pé, "Ọmọ mi ńkọ́?"

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọlé, ẹ jẹ́ kí tíṣà ṣí yín, kí ó pe orúkọ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dáhùn "Present, ma", kí ó gba àmì rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí, òdo, ìbáà jẹ́ pé ìkòkò ìrẹsì wà ní ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n wá gbé àpapọ̀ rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, lọ sí ìbílẹ̀, lọ sí ìpínlẹ̀, lọ sí Àbújá, láìfi omi àti ọṣẹ kàn án. Bó bá jẹ́ 143 ni, ẹ jẹ́ kí mẹ́ta náà wà ní ìdí rẹ̀.

Mo kí Ìwé Máàkì, mo kí aago tí wọ́n jí ahọ́n rẹ̀, mo kí ikán pàápàá, nítorí òun nìkan ló ń kà yín láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Ó dìgbà kan ná.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ńbà 37, Kíláàsì Kìíní, 1976.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti wá orúkọ àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú yín. "International" tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àga yẹn ni wọ́n lọ.